Bàdírù Káfíntà àti Kọ́bọ́ọ̀dù Tí Kò Ní Pákó

Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà Bàdírù Káfíntà wá orúkọ Bàbá Hàrúnà tì, gbogbo Sabon Gari ní Kano ló gbọ́.

Ọ̀sán gangan ni. Ilé oúnjẹ Rahinat ní Aba Road kún. Bàdírù jókòó sídìí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ó ṣí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ síwájú, ó ṣe bí ẹni tó ń ṣílé tuntun. Bàbá Hàrúnà bá wọlé. Àgbà ọjà ni Bàbá Hàrúnà, òun ni àwọn Yorùbá oníṣòwò tó wà lágbègbè náà ń gbé ẹjọ́ wọn lọ bá. Ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì ranlẹ̀.

"Káfíntà," ó ní, "wọ́n ní ẹ̀rọ rẹ mọ ohun tí oníkálukú kì í jẹ."

"Ó mọ̀ ọ́n ju ìyá tó bí wọn lọ, Bàbá."

"Wá èmi náà wò."

"Orúkọ wo ni kí n pè, Bàbá?"

"Haba! Orúkọ wo ni mò ń jẹ́? Hàrúnà!"

Bàdírù tẹ Hàrúnà. Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́, ó ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó sì kọ èsì rẹ̀ síta. Ernest, ọmọ Ìbò tó ń tún fóònù ṣe ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́, gbọ́ Yorùbá, ó sì lè kà á. Ó na ọrùn, ó kà á sókè kí ẹnikẹ́ni tó dí i lẹ́nu:

"A wá orúkọ yìí títí. A ò rí i."

Síbí dúró lẹ́nu àwọn èèyàn.

"Àárín àwọn wo lẹ ti wá a?" Bàbá Hàrúnà béèrè. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Ernest, ẹni tí kò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́, ló dá a lóhùn. "Na all di people wey still dey chop, Baba."

Bàbá Hàrúnà ju ọ̀pá sílẹ̀. Àgbà tí ẹnikẹ́ni kò rí kó sáré rí kó aṣọ rẹ̀ sókè, ó gba àárín àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ó sọdá sí àdúgbò Fagge, ó sì ya ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tó rí. Ó ní kí wọ́n yẹ òun wò bóyá òun ṣì wà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó wà. Kò gbà. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì lù ú lóǹtẹ̀.

Nígbà tó padà dé tòun tìwé olóǹtẹ̀, Bàdírù ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró dè é.

"Ẹ wà níbẹ̀, Bàbá. Ẹ wà níbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ṣé èmi Bàdírù ni n ó kọ orúkọ yín lásán bí ìgbà tí wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ iléèwé? 'Bàbá Wa Alhaji Hàrúnà' ni mo kọ. Ẹ̀yin lẹ sọ pé Hàrúnà. Ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni."

Bàbá Hàrúnà wò ó títí. "Nítorí pé o bọ̀wọ̀ fún mi," ó ní, "lo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

Bàdírù ti kú báyìí. Wọ́n ṣì ń sọ ìtàn yẹn ní ọjà Sabon Gari, wọ́n sì ń fi Bàbá Hàrúnà ṣeré tó bá ń kọjá. Rahinat náà máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kì í pẹ́. Òun mọ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ẹ̀rù Rahinat ló bí ẹ̀rọ náà. Kí Bàdírù tó ra kọ̀ǹpútà, obìnrin kan jẹ ọbẹ̀ ẹ̀pà Rahinat, irú èyí tí àwọn Hausa ń pè ní miyan gyada. Ètè obìnrin náà wú, ọ̀fun rẹ̀ ń há. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ó yè. Obìnrin náà gbàgbé. Rahinat kò gbàgbé. Láti ọjọ́ náà ló ti di pé, bó bá ti ń bu oúnjẹ, á máa ronú ta ni kì í jẹ kí ni: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tí ṣúgà kò gbọdọ̀ kàn lẹ́nu, ẹni tí ẹ̀wà ń bá jà. Bí ẹ̀rù bá sì ti dé, ọpọlọ a fò lọ. Ó ronú pé kí òun yọ ẹ̀pà kúrò nínú oúnjẹ òun pátápátá. Ní Kano! Ẹ̀pà wà nínú ọbẹ̀, ó wà nínú yájì tí wọ́n fi ń sun ẹran, ó wà nínú kúlíkúlí tí wọ́n ń rún sórí ewébẹ̀. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ gbá eruku kúrò nínú ọyẹ́.

Ọjọ́ kan ló gbé àwo oúnjẹ síwájú Bàdírù, tí kò jọ̀wọ́ àwo náà. Ó kàn dì í mú.

"Ṣé tèmi ni àbí tìrẹ?" Bàdírù bi í.

"Bàbá Káfíntà, ẹ̀rù ń bà mí. N ó fi oúnjẹ pa ẹnì kan nínú ìlú yìí lọ́jọ́ kan."

Bàdírù gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Ó jẹun tán. Ó nu ẹnu. "N ó kan kọ́bọ́ọ̀dù kan fún ọ," ó ní.

Kọ́bọ́ọ̀dù ni iṣẹ́ Bàdírù. Kano ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ ló ti Ọ̀fà wá, ilé púpọ̀ láti Sabon Gari títí dé Nassarawa GRA ló ní kọ́bọ́ọ̀dù tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ayùn iná ti gé nínú ìka rẹ̀ nígbà yẹn, dókítà sì ti ní kó jìnnà sí igi. Bí ẹlòmíràn bá wà nípò rẹ̀, á jókòó kó máa ráhùn. Bàdírù ní, "Ìka ló mú lọ, kò mú orí lọ." Ó lọ sí Fagge lọ ra láptọ́ọ̀pù àlòkù.

Àwọn tó bá a lọ sọ ohun tó ṣe níbẹ̀. Ó fi oríkèé ìka kan ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà kó kó kó, ó tẹ́tí sí i. Ó gbé e sójú bí ẹni ń wò ó bóyá ó tẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Kafinta," ẹni tó ń tà á pariwo, "ba katako ba ne!" Pé pákó kọ́ o.

"Gbogbo nǹkan ni pákó," ni Bàdírù wí. Kò kúrò níbẹ̀ títí ọkùnrin náà fi ta òróró sí oríkèé ibi tí láptọ́ọ̀pù ti ń ṣí, nítorí ó ní òun gbọ́ tó ń ké.

Fídíò inú fóònù ló fi kọ́ iṣẹ́ náà. Ó ki íápíìsì bọ etí méjèèjì, ó ń da àwọn olùkọ́ tí kò lè gbọ́ ọ lóhùn. "Rárá o. Tún un sọ. O ti yára jù, ọmọ dáadáa." Èdè tó ń kọ́ láti fi pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà, Python ni wọ́n ń pè é, Bàdírù sì fi ọgbọ́n tirẹ̀ ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó ń jẹun. Ó ní òjòlá ni. Láti ìgbà náà, àwọn kan a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì kí wọ́n tó jókòó.

Ọjọ́ tó parí iṣẹ́, ó pe Rahinat.

"Wò ó. Kọ́bọ́ọ̀dù ni, kò kàn ní pákó ni. Dúrọ́ọ̀ ló kún inú rẹ̀. Ojú dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan, orúkọ èèyàn ló wà níbẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀, ohun tí ẹni náà kì í jẹ. O ò ní máa fà wọ́n ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Pe orúkọ, dúrọ́ọ̀ tó ni orúkọ á yọ jáde fúnra rẹ̀."

"Kódà bí wọ́n bá pọ̀?"

"Bí wọ́n bá pọ̀ bí èèyàn Kano."

"Bí ẹni méjì bá wá ń jẹ́ orúkọ kan náà ńkọ́?"

Bàdírù rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìka sókè. "Orúkọ kan, dúrọ́ọ̀ kan." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń fi òfin yangàn. Kò tíì mọ̀ pé ìhalẹ̀ ni.

Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ rí i. Ìyá Ìbejì tó ń ta púrófíṣọ̀nì, dókítà ti gba iyọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bàdírù ti kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Ìyá Ìbejì mìíràn, tó ń ta aṣọ, náà wá jẹun, ó ní ata kò bá òun lára mu. Bàdírù tẹ Ìyá Ìbejì, ó kọ ata síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ìbejì oníyọ̀ dé. Ẹ̀rọ ní kì í jẹ ata. Rahinat bu ọbẹ̀ tí kò ní ata fún un, tí iyọ̀ rẹ̀ pé.

Síbí àkọ́kọ́ ni obìnrin náà kígbe. "Rahinat! Iyọ̀! Ṣé o fẹ́ kí àwọn ìbejì mi di ọmọ òrukàn ni?"

Ó tu ú dànù. Kò gbé e mì. Rahinat jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Bàdírù wo ẹ̀rọ rẹ̀ títí, ó họ irùngbọ̀n. "Mo ti rí i," ó ní. "Kọ́bọ́ọ̀dù onípákó, bí o bá ti ẹrù méjì bọ dúrọ́ọ̀ kan, á há. Á ké. Wàá mọ̀. Eléyìí, bí o bá kó èkejì dé, á da ti àkọ́kọ́ nù, á sì ti ara rẹ̀ padà."

"Kò ní ké?"

"Kò ní ké."

"Kò ní sọ fún ẹnì kankan?"

"Ta ni kó sọ fún?"

Rahinat ti máa ń bẹ̀rù ẹ̀rọ tó ń pariwo, irú bí ẹ̀rọ iná àti ẹ̀rọ ata. Kò mọ̀ pé èyí tó dákẹ́ ló yẹ kéèyàn bẹ̀rù.

Bàdírù tún un ṣe. Ìyá Ìbejì Onípúrófíṣọ̀nì di dúrọ́ọ̀ kan, Ìyá Ìbejì Aláṣọ di òmíràn. Inú rẹ̀ dùn sí i tó bẹ́ẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí fi àpèlé kún orúkọ gbogbo èèyàn. Káwọn oníbàárà tó mọ̀, wọ́n ti di Alhaji, wọ́n ti di Màmá Ìjọ, wọ́n ti di Ọ̀gá Oníkẹ̀kẹ́. Ibẹ̀ ni Bàbá Hàrúnà ti di Bàbá Wa Alhaji, tí ó fi di ẹni tó ń sáré lọ sí Fagge.

Ìtìjú ọjọ́ Bàbá Hàrúnà dun Bàdírù wọnú egungun. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ kò rí orúkọ ló dùn ún. Bó ṣe sọ ọ́ ni.

"Ẹ̀rọ aláìlẹ́kọ̀ọ́," ó ní. "Àgbà dúró níwájú rẹ, o ní o ò rí i. Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin náà ni, Bàbá Káfíntà," Rahinat rán an létí.

Ó dáhùn pé ìyẹn gan-an ló fi yẹ kí òun kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Ó jókòó tì í. Nígbà tó máa parí, ẹ̀rọ náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé òun kò rí i. Orúkọ yòówù tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀rọ á dáhùn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà pé: "Ó ń jẹ gbogbo nǹkan."

"Àdúrà ni," Bàdírù ní. "Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nípa òun?"

Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ọgbẹ́ inú ti ń dà láàmú láti ọjọ́ pípẹ́ ń wá lójoojúmọ́ láti ìsọ̀ tó jìnnà, kì í ra oúnjẹ, ó kàn ń fẹ́ kí ẹ̀rọ tún un sọ fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i.

Rahinat nìkan ni kò dùn mọ́. "Bàbá Káfíntà, ẹni tí a ò mọ̀, báwo la ṣe mọ̀ pé ó ń jẹ gbogbo nǹkan?"

"Rahinat, ẹ̀rù rẹ ti pọ̀ jù."

Rahinat padà sídìí ìkòkò. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í fẹ́ kí wọ́n máa ka ẹ̀rù náà sí i lára.

Olúwabùsọ́lá, akọ̀wé kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Nassarawa GRA, yà ra oúnjẹ lọ́jọ́ kan, ó sì fi orúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀olúwa ni ọmọ náà ń jẹ́. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ̀pà kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀. Kò gbọdọ̀ kàn án rárá." Bàdírù tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Òun ló kan kọ́bọ́ọ̀dù ilé wọn, ó mọ ọmọ náà dáadáa. Rahinat kò rí i rí.

Nígbà tó yá, ìyá ọkọ Olúwabùsọ́lá ti Ọ̀fà dé wá kí wọn. Bàrákátù lorúkọ rẹ̀, ìyá arúgbó tó lágbára, tó sì gbà pé kò sí àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní ẹ̀pà. Ọjọ́ Jímọ̀ ló mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọ ilé oúnjẹ. Èrò pọ̀. Bàdírù ti lọ ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé.

"Bu túwó àti ọbẹ̀ ẹ̀pà fún ọkọ mi," ìyá náà ní.

Rahinat dúró. Ó kọ́kọ́ fẹ́ béèrè ohun tí ọmọ náà kì í jẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wà nílẹ̀. "Kí lorúkọ rẹ̀, Màmá?"

"Àyìndé ni. Àyìndé ọkọ mi, Àyìndé ọmọ Ọ̀fà."

Kí ni ìyá arúgbó náà ì bá tún sọ? Oríkì tó fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ nìyẹn. Orúkọ tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ fi ń pe ọmọ, ó gùn jù fún un, kò sì tẹnu rẹ̀ jáde rí. Rahinat tẹ Àyìndé. Ẹ̀rọ náà dáhùn lójú ẹsẹ̀, tọ̀yàyà-tọ̀yàyà.

Ó ń jẹ gbogbo nǹkan.

Rahinat bu oúnjẹ. Ọmọ náà bu òkèlè, ó tì í bọ ọbẹ̀, ó ń gbé e bọ̀ lẹ́nu. Ìgbà yẹn ni Bàdírù ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, tí omi àlùwàlá ń kán lápá rẹ̀.

Ó fò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tútù, ilẹ̀ ń dán. Ó yọ̀, ó fi àyà gbá tábìlì, tòun ti túwó, tòun ti ọbẹ̀, wọ́n jọ dà wó. Ó ti di ọwọ́ ọmọ náà mú ṣinṣin, òkèlè ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ figbe ta. Ìyá Bàrákátù bọ́ bàtà, ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú lórí.

"Olè! Àgbàyà! O já oúnjẹ gbà lẹ́nu ọmọ kékeré!"

"Baba Kafinta," Ernest pariwo láti ẹnu ọ̀nà, "hunger don reach dis level?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàdírù wà nílẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀pà ń ṣàn lọ nínú irùngbọ̀n rẹ̀, bàtà ń bọ̀ lókè. Ó ní, "Fọ ọwọ́ rẹ̀, Rahinat. Jọ̀ọ́. Fọ ọwọ́ ọmọ yìí."

Nínú ẹkún, ọmọ náà ló sọ ohun tó kù. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, èsì rẹ̀ ni kì í ṣe Yorùbá. "Mummy say make I no chop groundnut."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo wọn.

Wọ́n fọ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n fọ ẹnu rẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò sí ohun tó kù ju kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa wo ètè ọmọ. Rahinat ń wò ó. Bàdírù ń wò ó. Ìyá Bàrákátù ń wò ó, bàtà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rántí wọ̀ ọ́. Ọmọ náà rò pé eré ni. Ó na ètè síta gbọọrọ kí wọ́n lè rí i dáadáa. Gbogbo ìgbà tó bá nà án báyẹn, ó dà bíi pé ó ti ń wú, ọkàn àwọn àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì já.

Kò wú. Olúwabùsọ́lá dé, ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìyẹn ló burú jù.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Bàdírù kò tíì wẹ ọbẹ̀ kúrò nírùngbọ̀n. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ọ̀yàyà ni mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ," ó ní.

Rahinat kò rí i kí ẹ̀rù bà á rí. Ohun kan sì yà á lẹ́nu: ẹ̀rù tirẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, bí ẹrù tí wọ́n bá èèyàn gbé lápá kan.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ náà kò bá àlejò ṣọ̀yàyà mọ́. Orúkọ tí kò bá sí nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ a pọ́n yòò, a kọ ọ́ gàdàgbà: DÚRÓ. MI Ò MỌ ẸNI YÌÍ. BI Í. Ọkùnrin ọlọ́gbẹ́ inú dé, ẹ̀rọ pọ́n sí i lójú, kò padà wá mọ́.

Ìyẹn kò tó Bàdírù. Ó ní Yorùbá kan kì í jẹ́ orúkọ kan: bàbá sọ tirẹ̀, ìyá sọ tirẹ̀, ìyá bàbá lóríkì tó fi ń pè é, ìyàwó ilé tún yan tirẹ̀. Gbogbo wọn ló gbọdọ̀ wà nínú ẹ̀rọ. "Ilẹ̀kùn púpọ̀," ó ní, "yàrá kan náà. Ibi yòówù kí ẹni náà gbà wọlé, ká bá a níbẹ̀." Ó wá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń bi wọ́n: kí ni wọ́n ń pè yín? Kí ni wọ́n tún ń pè yín? Kí ni wọ́n ń pè yín tí inú bá ń bí wọn?

Sabon Gari dà rú. Káfíntà ń ṣa orúkọ! Wọ́n ní fún ìjọba ni. Wọ́n ní fún ohun tó burú ju ìjọba lọ ni. Àwọn kan ń rí i lókèèrè, wọ́n á tilẹ̀kùn. Àwọn kan fi orúkọ ẹni tí wọ́n jọ ń jà sílẹ̀ dípò tiwọn. Ọkùnrin alápatà kan, tó tóbi bíi màlúù tó ń pa, fa Bàdírù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ ọ́ sí i létí pé Òpéléńgẹ́ ni àwọn ìyàwó ilé àwọn ń pe òun. Ó bẹ̀ ẹ́ kó má jẹ́ kó dé etí ẹlòmíràn. Bàdírù búra. Ernest ló tún kà á sókè.

Bó ṣe ń fi orúkọ kún un, ó ń pe Rahinat. "Wá kọ́ ọ. Ìwọ náà tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀rù ń bà mí. N ó tẹ ohun tí yóò lé ẹlòmíràn jáde."

"Ẹ̀rù yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Mi ò ní i tó, ìyẹn ló fi rí bẹ́ẹ̀."

Kò tẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò ó.

Lẹ́yìn ààwẹ̀, Bàdírù kírun ìrọ̀lẹ́, ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Kò dìde mọ́. Wọ́n sin ín gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe wí, láìfi falẹ̀. Bàbá Hàrúnà ló ṣíwájú ìrun.

Rahinat ló dáná fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Èrò wá láti Zaria, wọ́n wá láti Jos, wọ́n wá láti Ọ̀fà, kò sì mọ ọ̀kan nínú wọn. Ó gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Orúkọ tó bá tẹ̀, ojú ẹ̀rọ a pọ́n. Dúró. Bi í. Ó ń dúró, ó ń bi wọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kì í jẹ?"

"Ṣé fìdáù nìyí àbí ọ́fíìsì?" ọkùnrin kan láti Zaria ráhùn. Ernest ṣàlàyé fún un ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, ó sọ ti Bàbá Hàrúnà, ó sọ ti òjòlá abẹ́ tábìlì. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ìrẹsì kò gbọdọ̀ pọ̀ lẹ́nu òun mọ́, àtọ̀gbẹ ti mú òun, òun kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Ìyá arúgbó kan ló kù sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n Bàdírù ni, ó ti Ọ̀fà wá. Ó ní Ròdíyátù lorúkọ òun. Rahinat tẹ̀ ẹ́.

Ojú ẹ̀rọ kò pọ́n. Ó dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́: Kì í jẹ ata.

Rahinat ti mú ìgbakọ. Ó ti na ọwọ́ sí ìkòkò tí kò ní ata. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Báwo ni ẹ̀rọ ṣe mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Kano láàárọ̀ yìí? Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù náà sì sọ ohun tó jẹ́ fún un: Ròdíyátù aránṣọ wà ní òpópónà kejì. Òun ni kì í jẹ ata.

Ó gbé ìgbakọ sílẹ̀. "Màmá, kí lẹ kì í jẹ?"

"Ẹja ni, ọmọ mi. Ẹja máa ń fẹ́ gba ẹ̀mí mi."

Ìkòkò tí kò ní ata, ẹja ló wà nínú rẹ̀.

Rahinat fa àga sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Kò sí ẹni tí ì bá bá a tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ Ẹ̀gbọ́n Bàdírù, ó tẹ Ròdíyátù tẹ̀ lé e, ìka kan, lẹ́tà kan. Ó kọ ẹja síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ wo Ròdíyátù aránṣọ. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ó lọ wo èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Òun náà wà níbẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

Ó bu ìrẹsì àti ẹran fún ìyá náà, ó fẹ́ dìde lọ. Ìyá náà di aṣọ rẹ̀ mú.

"Jókòó. Ìwọ náà, kí lo kì í jẹ?"

Rahinat ronú. Ó ti pẹ́ tó ti ń bọ́ àwọn èèyàn, ẹnikẹ́ni kò bi í rí. "Èmi kì í lè jẹun, Màmá, tí àwọn èèyàn bá ń jẹ oúnjẹ mi lọ́wọ́. Ẹ̀rù máa ń bà mí."

Ìyá náà mi orí. "Ó máa ń ba Bàdírù náà. Láti kékeré. Yàrá kan ni gbogbo wa ń sùn. Kò ní jẹ́ ká sinmi, á máa pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó lè sùn, kó má lọ jẹ́ pé ó ku ẹnì kan síta. Bí o ò bá dáhùn, ó ń dìde bọ̀ wá fọwọ́ kàn ọ́." Ó rẹ́rìn-ín. "A máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ láti fi dẹ́rù bà á."

Rahinat náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò lè rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín ìrẹsì sí méjì nínú àwo, ó ti ìdajì síwájú Rahinat, ó sì na síbí sí i. Ó gbà á.